Omi Tí Kò Dé Orí Òkè

Ọjọ́ Ajé, 6 oṣù karùn-ún

Lẹ́tà mẹ́sàn-án ni mo ti kọ. Ilé-iṣẹ́ méjì dá mi lóhùn pé kò sáyè; àwọn méje yòókù ò tiẹ̀ mọ̀ pé mo wà láyé. Lónìí ni Funfun-Báláú kó gbogbo àwa tó wà lọ́dún ìkẹyìn jọ. Òun ni olùkọ́ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìkọ́ṣẹ́ ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ. Àwa la fún un lórúkọ yẹn nítorí ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, àti nítorí pé kò lè rí àbàwọ́n kó dákẹ́. Ó ní ẹni tí kò bá tíì wọ ẹnu iṣẹ́ ní ogúnjọ́ oṣù yìí máa tún ọdún yìí kà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ gbáko, pẹ̀lú ìwé iṣẹ́ tí ọ̀gá ibẹ̀ ń buwọ́ lù lọ́jọ́ Ẹtì kọ̀ọ̀kan. Ó na ìwé ẹnì kan láti ọdún tó kọjá sókè, òróró ẹ̀rọ ti ba ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́. Ó ní, "Ẹ wò ó dáadáa. Mi ò gbà á. Ẹni tó ni ín ṣì ń bá yín jókòó."

Gbogbo wa wẹ̀yìn wò. Ẹni náà tẹrí ba.

Mi ò lè tún ọdún kankan kà. Àbúrò mi obìnrin ti yege ìdánwò ìwọlé, ó ń retí kí n jáde kó tó lè wọlé, torí Ìyá mi ò lè rán àwa méjèèjì lọ síléèwé lẹ́ẹ̀kan náà. Kò fi bò fún wa.

Ọjọ́rú, 8

Ilé-iṣẹ́ mẹ́ta lónìí. Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn ín torí owó ọkọ̀ tún ti gòkè. Níbi tí wọ́n ti ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe, obìnrin tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ní kí n fi lẹ́tà mi sílẹ̀, wọ́n á pè mí. Mo bojú wo ilẹ̀, mo rí lẹ́tà àwọn tó ṣáájú mi. Wọ́n ti ká wọn sábẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì tó ń mì. Mo gba tèmi padà.

Ọjọ́ Ẹtì, 10

Kò sí. Oòrùn mú hanhan. Bàtà mi ọ̀tún ti la ẹnu.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11

Kẹ́ẹ̀gì mẹ́fà ni mo pọn gun òkè láàárọ̀ yìí. Ọdún méjì rèé tí ẹ̀rọ omi ò ti yọ ní àdúgbò wa lókè níbí, bẹ́ẹ̀ àwọn ará ìsàlẹ̀ ń rí omi fọ mọ́tò. Ṣíṣí ni Ìyá mi máa ń fi ẹ̀rọ inú ilé ìdáná wa sílẹ̀ tọ̀sán-tòru. Ó ní bí omi bá ro ti wa kàn, kó má lọ bá ilẹ̀kùn ní títì.

Mo sọ kẹ́ẹ̀gì tó kẹ́yìn kalẹ̀, mo ń kùn pé kò síbi tí n ò tíì kọ lẹ́tà sí. Àbúrò mi, tí a ń pè ní Lọ́yà torí pé kò sí ọ̀rọ̀ tí kì í rí èsì fún, kò gbójú kúrò nínú ìwé tó ń kà. Ó ní, "O ti kọ̀wé sí àwọn tó ń ṣe bisikíìtì, o ti kọ̀wé sí àwọn tó ń ṣe fáànù. Àwọn tó ń fi òǹgbẹ pa wá ńkọ́? Ṣé àwọn ò ní ẹ̀rọ ni?"

Ó dùn mí pé òun ló kọ́kọ́ rò ó.

Ọjọ́ Ajé, 13

Olùṣọ́ géètì ilé-iṣẹ́ omi ní àwọn kì í gba akẹ́kọ̀ọ́. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ jẹ́ kí n rí ọ̀gá. Ó ní ọ̀gá ò ráyè. Mo dúró títí wọ́n fi ṣíwọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14

Mo dúró.

Ọjọ́rú, 15

Mo dúró, òjò sì pa mí. Olùṣọ́ géètì gbé àga kan jáde fún mi. Ó ní òun ò rí olóríkunkun báyìí rí, ṣùgbọ́n kí òtútù má pa mí sọ́rùn òun.

Ọjọ́bọ̀, 16

Mo ti ríṣẹ́. Mo tún un kọ: mo ti ríṣẹ́.

Ní nǹkan bí aago mẹ́wàá ni mọ́tò ọ̀gá ń wọlé, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, gíláàsì sọ̀kalẹ̀. Obìnrin ni, mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹnjiníà ni gbogbo wọn ń pè é. Ó ní, "Ìwọ lo ń dúró síbí láti ọjọ́ Ajé. Kí lo fẹ́?" Mo ti há ọ̀rọ̀ kan sórí nípa ìfẹ́ mi sí ìmọ̀ ẹ̀rọ, ó gùn tó ìwàásù. Gbogbo rẹ̀ fò lọ. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, "Ẹ̀rọ omi ilé wa ò yọ láti ọdún méjì, mà. Mo fẹ́ mọ ìdí ẹ̀."

Ó wò mí títí. Ó ní, "Èmi náà fẹ́ mọ̀ ọ́n. Wá lọ́jọ́ Ajé."

Ìyá mi dì mọ́ mi, lẹ́yìn náà ó ní kí n yọ bàtà tó ya yẹn kí òun lọ rán an. Lọ́yà ní kí n má gbàgbé ẹni tó gbà mí nímọ̀ràn nígbà tí mo bá di ènìyàn ńlá.

Ọjọ́ Ajé, 20

Wọn ò jẹ́ kí n fojú kan pọ́ǹpù kankan. Yàrá ìwé ni wọ́n mú mi lọ. Iye tí mítà ń kà láràárọ̀ ló wà nínú àwọn ìwé ńláńlá tó kún pẹpẹ láti ilẹ̀ dé àjà; wọ́n ní kí n máa tẹ̀ wọ́n sínú kọ̀ǹpútà. Eruku ibẹ̀ mú mi sín nígbà mẹ́tàdínlógún kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo kà á.

Mo pàdé Bàbá Etí. Òun ló dàgbà jù níbẹ̀. Ọ̀pá irin kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó máa ń gbé orí kan lé páìpù, orí kejì sétí, á sì sọ ohun tó ń ṣe páìpù náà. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Akọ̀wé tuntun." Mo ní ẹnjiníà ni mò ń kọ́, sà. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Akọ̀wé."

Ọjọ́ Ẹtì, 24

Ohun tó wà nínú ìwé iṣẹ́ mi fún ọ̀sẹ̀ yìí: *mo tẹ nǹkan sínú kọ̀ǹpútà*, lẹ́ẹ̀márùn-ún. Bí Funfun-Báláú bá rí i, kò ní wá àbàwọ́n kó tó dá a padà. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, nítorí náà mo sọ fún Ẹnjiníà pé mo fẹ́ máa tẹ̀ lé àwọn òṣìṣẹ́ jáde. Ó buwọ́ lù ú, ó ní, "Tẹ àwọn ìwé yẹn tán ná. Kó o sì máa kà wọ́n bó o ṣe ń tẹ̀ wọ́n, ìka nìkan kọ́ ló ń ṣiṣẹ́."

Ọjọ́rú, 29

Mo kà wọ́n. Mo dé orí ìwé mítà táǹkì orí òkè, táǹkì tó yẹ kó máa fún àdúgbò wa lómi. Oṣù mẹ́rìnlá sẹ́yìn, wọ́n kọ iye kan. Lọ́jọ́ kejì: *bíi ti àná*. Lọ́jọ́ kẹta: *bíi ti àná*. Bẹ́ẹ̀ ló lọ títí di àárọ̀ òní. Oṣù mẹ́rìnlá, àná kan ṣoṣo.

Ẹ̀yìn ilé wa ni táǹkì ọ̀hún wà. Bí mo ṣe ń lọ sílé, mo yà síbẹ̀, mo fọwọ́ nu gíláàsì mítà. Ó ń yí. Ó rọra ń yí bí ẹni tí kò rí oúnjẹ jẹ, àmọ́ ó ń yí. Díẹ̀ tó ń wọlé náà, àwọn ilé méjì tó wà nídìí táǹkì ló ń lò ó tán kó tó kan tiwa. Kò sẹ́ni tó ka mítà yìí láti oṣù mẹ́rìnlá. Mi ò lè sùn fún ayọ̀.

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kẹfà

Orí mi ò pé lónìí.

Ìpàdé àárọ̀ ọjọ́ Ajé, gbogbo òṣìṣẹ́ pé. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ pé pọ́ǹpù ti darúgbó ni omi ò fi dé òkè, pé kí wọ́n ra tuntun. Mo nawọ́. Mo ní, "Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé pọ́ǹpù ni? Oṣù mẹ́rìnlá ni wọ́n ti ń kọ 'bíi ti àná' fún mítà orí òkè. Ta ló ń kà á?" Yàrá náà pa lọ́lọ́. Mo rò pé wọn ò gbọ́ mi ni, mo tún un béèrè. Ìgbà yẹn ni mo rí i pé gbogbo wọn ń wo ilẹ̀, àti pé Bàbá Etí ń wo orúnkún ara rẹ̀.

Ẹnjiníà ní, "Ó dáa. A máa sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀." Ìpàdé tú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4

Kò sẹ́ni tó kí mi. Mo ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ fún Ìyá mi, mo rò pé yóò gbè mí. Ó fi ọbẹ̀ tó ń rò sílẹ̀. Ó ní, "Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Òótọ́ lo sọ, mi ò ní o parọ́. Àmọ́ àgbàlagbà tó tó bàbá ẹ, níwájú àwọn ọmọ ẹ̀yìn ẹ̀? Bó o ṣe máa jí lọ́la, ibẹ̀ ni kó o kọ́kọ́ lọ."

Lọ́yà ò sọ nǹkan kan. Ìyẹn gan-an ló fi yé mi pé mo jẹ̀bi.

Ọjọ́rú, 5

Mo bá a nídìí pọ́ǹpù kejì, ó ń fi àkísà nu ọ̀pá irin rẹ̀. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá. Ẹ̀yin ló yẹ kí n kọ́kọ́ wá bá."

Ó nu ọ̀pá náà lọ, ó nu ún bọ̀. Ó ní, "Ṣé irọ́ lo pa?"

"Rárá, sà."

"Kí wá lò ń bẹ̀ fún?"

"Ibi tí mo ti sọ ọ́, sà."

Ó ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè. Orúnkún ọ̀tún rẹ̀ wú, ó ń dán. Ó ní, "Orúnkún yìí ló ń purọ́ látọjọ́ yìí. Kò lè gun òkè mọ́. Àwọn ọmọ ibí ń bò mí láṣìírí, kí wọ́n má bàa ní kí n lọ jókòó sílé nígbà tó ku ọdún kan kí n fẹ̀yìn tì. Ó dùn mí pé o sọ ọ́. Ṣùgbọ́n etí mi ò purọ́ rí. Dìde nílẹ̀, ilẹ̀ tutù." Ó fa ṣòkòtò rẹ̀ sílẹ̀. "Níbo nilé yín?"

"Orí òkè, sà. Ẹ̀yìn ilé wa ni táǹkì wà."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Ó ní, "Oṣù mẹ́rìnlá ni mo ti ń wá ẹsẹ̀ tó máa bá mi gun òkè. Ẹsẹ̀ ọ̀hún ń sọ̀kalẹ̀ kọjá níwájú mi láràárọ̀."

Àdéhùn wa: èmi á máa ka mítà òkè kí n tó kúrò nílé, òun á ka ti ìsàlẹ̀ ní wákàtí kan náà. Ẹnjiníà ti fọwọ́ sí i. Ó ní ohun tí òun fẹ́ gbọ́ lọ́jọ́ Ajé gan-an nìyẹn, kì í ṣe ẹjọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 14

Ọjọ́ mẹ́sàn-án pé. Nínú kẹ́ẹ̀gì mẹ́wàá tó ń kúrò nísàlẹ̀, mẹ́ta péré ló ń dé òkè. Pọ́ǹpù ò ṣẹ̀ wá. Méje ń sọ nù sójú ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ kò síbi tí ilẹ̀ ti tutù. Ìwé iṣẹ́ mi kún títí dé etí lọ́sẹ̀ yìí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18

Àfẹ̀mọ́júmọ́ la fi ń tẹ́tí sí páìpù láti wá ibi tó ti jò, kí mọ́tò tó pọ̀ lójú ọ̀nà. Bàbá Etí gbé ọ̀pá fún mi. Mo gbé e sétí, mo ní mò ń gbọ́ ohun kan tó ń lù kì, kì, kì. Ó ní, "Ẹ̀jẹ̀ ara ẹ nìyẹn. Kò burú, ó kéré tán o mọ̀ pé o ò tíì kú."

Ọjọ́bọ̀, 20

Òjò. A ò gbọ́ nǹkan kan.

Ọjọ́ Ajé, 24

Ẹnjiníà pè wá. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ da ọ̀dà sí títì tí páìpù gbà kọjá ni, ihò kan ṣoṣo ni ìjọba gbà wá láyè láti gbẹ́. Bí a bá gbẹ́ ẹ tí a ò bá nǹkan kan níbẹ̀, ó di ọdún tó ń bọ̀. Mo wo Bàbá Etí, òun náà wò mí. Ibi tí a ti tẹ́tí sí kò tíì dé ìlàjì ọ̀nà.

Ọjọ́rú, 26

Mo gbọ́ ọ.

Ibi kọ́nà tí ṣọ́ọ̀bù télọ̀ wà ni. Bàbá Etí ti tẹ́tí síbẹ̀, ó ti kọjá. Mo gbé ọ̀pá sílẹ̀ níbi tó ti kúrò, torí mo fẹ́ máa ṣe bó ṣe ń ṣe. Ẹ̀jẹ̀ ara mi ń lù, mo sì gbọ́ ohun mìíràn lábẹ́ rẹ̀, ó ń dún *ṣìììì* bí ẹni tó ń dá ọmọ lẹ́kun. Mo pè é. Ó padà wá, ó tẹ́tí, ó mi orí. Ó pa ojú dé, ó tún tẹ́tí. Ó ní, "Mi ò gbọ́."

Mo ní ó ṣeé ṣe kí n ṣì í gbọ́, sà.

Ó mú mi kúrò lójú ọ̀nà kí àwọn yòókù má gbọ́. Ó ní, "Etí mi ti ń kú lọ díẹ̀díẹ̀. Orúnkún o ti mọ̀. Ti etí yìí, ìwọ nìkan ni mo sọ ọ́ fún. Ṣé o gbọ́ ọ tàbí o ò gbọ́ ọ?"

"Mo gbọ́ ọ, sà."

Ó mú pẹ́ńsù tó wà létí rẹ̀, ó sàmì sí òkúta etí títì. Ó ní fún àwọn òṣìṣẹ́ pé, "Ibí ni a máa gbẹ́." Kò sọ pé èmi ni. Bí a bá kùnà, òun ló fẹ́ kí wọ́n bú.

Ọjọ́ Ajé, 1 oṣù keje

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní aago méje. Wọ́n gbẹ́ ẹ dé ìbàdí, erùpẹ̀ gbẹ. Wọ́n gbẹ́ ẹ dé àyà, erùpẹ̀ gbẹ. Ẹnì kan nínú wọn ní kí wọ́n dáwọ́ dúró. Mo ń ronú ọdún kan mìíràn lókè yẹn pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì, mo sì ń ronú àgbàlagbà tó ti orúkọ ọgbọ̀n ọdún bọ inú ihò nítorí etí mi. Ó jókòó sórí àpótí, ó na orúnkún rẹ̀, ó ní, "Ẹ máa gbẹ́ ẹ."

Ní aago mọ́kànlá, irin ṣọ́bìrì gún ohun rírọ̀. Omi. Páìpù ti là tó ìbú àtẹ́lẹwọ́, ó ń da omi sínú gọ́tà àtijọ́ kan tó wà lábẹ́ ilẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ò rántí mọ́. Ìdí nìyẹn tí ilẹ̀ ò fi tutù. Àwọn òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kí Bàbá Etí. Ó na ọ̀pá irin sí mi. Ó ní, "Ẹ kí Ẹnjiníà Kékeré. Èmi ò gbọ́ nǹkan kan."

Ẹrẹ̀ bò mí dé orúnkún. Mo sunkún, mi ò sì fi pamọ́.

Ọjọ́bọ̀, 4

Wọ́n ti pààrọ̀ páìpù. Mítà òkè ń yí, ojú mi ò lè bá a. Wọ́n fẹ́ kí táǹkì kún, kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n yẹ omi wò, kí wọ́n tó ṣí fáàfù sílé àwọn ènìyàn.

Ọjọ́ Ẹtì, 12

Ọjọ́ ìkẹyìn. Ẹnjiníà lu òǹtẹ̀ aláró sí gbogbo ojú ìwé iṣẹ́ mi. Ó ní bí mo bá gboyè, kí n má ṣe kọ lẹ́tà, kí n kàn wọlé. Olùṣọ́ géètì ní àga mi ṣì wà níbẹ̀. Bàbá Etí gba ìwé náà, ó fi pẹ́ńsù rẹ̀ kọ ìlà kan sí ojú ewé tó kẹ́yìn, ó pa á dé, ó ní kí n má kà á títí n ó fi délé. Mo kà á ní ẹnu géètì. Mo ní láti dúró díẹ̀ kí n tó lè máa lọ.

Ọ̀la ni wọ́n máa ṣí fáàfù. Ọjọ́ Ajé ni mo máa gbé ìwé fún Funfun-Báláú. Ó mọ́ tónítóní.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 13

Èmi tí mo wá páìpù tó là káàkiri ìgboro, mo gbàgbé ẹ̀rọ tó wà nínú ilé ìdáná wa.

Gbogbo wa jáde láàárọ̀. Nígbà tí a dé, omi ń ṣàn gba abẹ́ ilẹ̀kùn jáde. Ọdún méjì ni ẹ̀rọ yẹn ti wà ní ṣíṣí. Omi kún inú ilé dé ọrùn ẹsẹ̀, bàtà ń léfòó. Ìyá mi dúró láàárín rẹ̀, ó ká ìró rẹ̀ sókè, ó ń rẹ́rìn-ín, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Lọ́yà ń jó. Èmi náà ń jó, títí mo fi rántí ibi tí mo gbé báàgì mi sí. Ilẹ̀ ni.

Ìwé iṣẹ́ mi ti wú. Aró òǹtẹ̀ ti ṣàn bo gbogbo ojú ìwé.

Ọjọ́ Àìkú, 14

Mo sá a sóòrùn. Ó gbẹ díẹ̀, ó ká kòrókòró. Mi ò jẹun.

Ọjọ́ Ajé, 15

Funfun-Báláú fi ìka méjì gbé e. Ó ní, "Kí lèyí?"

"Ìwé iṣẹ́ mi ni, sà."

"Ṣé o ò sí ní kíláàsì lọ́jọ́ tí mo sọ̀rọ̀ ni?"

"Mo wà níbẹ̀, sà."

Ó ń ṣí i lọ, ojú rẹ̀ ń le sí i. Aró, aró, aró. Ó dé ojú ewé tó kẹ́yìn. Ibẹ̀ ló ti dúró, torí omi kì í pa ohun tí a fi pẹ́ńsù kọ rẹ́. Ó kà á sókè: "*Ó gbọ́ ọ ṣáájú mi.*" Ó gbójú sókè. "Kí ló gbọ́?"

Mo sọ fún un. Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí *bíi ti àná*, mo sọ ibi tí mo ti ṣe àṣìṣe ẹnu, mo sọ ti gọ́tà abẹ́ ilẹ̀. Ó ní kí n sọ iye tí mítà kà. Mo ka ti òkè àti ti ìsàlẹ̀ fún un lórí, láti ọjọ́ kìíní dé ọjọ́ kẹsàn-án, ó sì ń gbé ojú ìwé sí ìmọ́lẹ̀ láti rí èyí tó ṣẹ́ kù níbẹ̀. Gbogbo èyí tó rí ló bá ẹnu mi mu. Ó bi mí léèrè fún wákàtí kan. Kò sí èyí tí n ò mọ̀.

Lẹ́yìn náà ó ní, "Omi wo wá ló ba ìwé yìí jẹ́?"

Mo ní, "Omi tí mò ń sọ náà ni, sà. Ó ti délé wa."

Ó mú bíró rẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé ojú ìwé, ó buwọ́ lù ú. Ewé náà ò tíì gbẹ tán, nígbà tó gbé ọwọ́ kúrò, aró ti mú etí ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ó wò ó. Ó na ìwé sí mi, ó ní, "O ti yege. Máa lọ."

Lọ́yà ti ń ka iye ọjọ́ tó kù kó wọlé sí yunifásítì. Ìyá mi ní kí n kọ ọ́ síbí, kó má bàa sí ẹni tó máa sọ pé òun ò gbọ́: láti òní lọ, nínú ilé yìí, a ó máa ti ẹ̀rọ.